Ọ̀nà tí Ẹsẹ̀ Gbẹ́: Ìrìn Wa Nínú Àwọn Ọ̀nà Ọ̀gbun Kaiserstuhl

Àwọn ará ilé wa tó ń gbé nítòsí Freiburg, ní Jámánì, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí à ń múra láti jọ rìn lọ sí ilẹ̀ àjàrà Kaiserstuhl. Mo ti tún un kọ díẹ̀, mo sì fi àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí àyè wọn.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gbé ìgò kékeré yìí fún Màmá tó jókòó níwájú. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, ẹ fi ìka méjì mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò rin ín wò, kí ẹ wá gbé e fún ẹni tó kàn. Kí ló jọ?

Màmá ní èlùbọ́ ni. Ẹnì kan lẹ́yìn ní gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ yan, tí wọ́n wá lọ̀ kúnná. Ẹ̀yin méjèèjì ò jìnnà sí i. Bó ṣe kúnná tó, èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni. Àwọ̀ rẹ̀, àwọ̀ gààrí ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni o, ẹ má tọ́ ọ wò. Löss ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo jalè, n ò hó o lára ògiri. Òfin ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń dáàbò bo àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà wọ́n jẹ́. Èyí tó ti ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí katakata ti tẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà, ni mo fi ọwọ́ gbá jọ.

Inú ilẹ̀ tó wà nínú ìgò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn ọ̀nà tí a fẹ́ lọ wò, kò sí ẹni tó la ọ̀pọ̀ nínú wọn bí a ṣe ń la títì. Kò sí ẹni tó jókòó tó ní kí ọ̀nà jìn báyìí báyìí. Ẹsẹ̀ màlúù, kẹ̀kẹ́ ẹrù, àti àgbàrá òjò ló gbẹ́ wọn, díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọ̀nà fi rì sísàlẹ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì di ògiri lọ́tùn-ún lósì, tó ga ju ilé alájà méjì lọ níbòmíràn. Hohlweg ni wọ́n ń pè é lédè Jámánì. Èmi ń pè é ní ọ̀nà ọ̀gbun.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Freiburg lọ sí Breisach, ẹ ti rí Kaiserstuhl láìmọ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Rhine tẹ́ rẹrẹ, àfi òkè kan tó dá dúró lójijì, bí ẹni pé ẹnì kan gbé e kalẹ̀ kó lọ mumi, tó wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òkè náà kò tóbi: láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò tó kìlómítà 20, ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Totenkopf, kò ju mítà 557 lọ. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Àga Olú-ọba. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Otto Kẹta, nígbà tó ṣì jẹ́ ọba Jámánì, jókòó dájọ́ nítòsí Sasbach lọ́dún 994, tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Àga Ọba. Nígbà tó di olú-ọba lọ́dún 996, àga náà bá a gorí oyè. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ilé nìkan ni oyè ti ń ran orúkọ.

Òkè oníná ni Kaiserstuhl láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó ti kú tipẹ́, ó tó mílíọ̀nù ọdún 16 sí 19 sẹ́yìn tó ń yọná. Àpáta dúdú tó pọ̀ jáde níbẹ̀ ṣì wà lábẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bo orí àpáta náà ni ọ̀rọ̀ wa, ilẹ̀ inú ìgò yìí, tó nípọn ju mítà 20 lọ láwọn ibì kan.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ẹ rántí ọyẹ́ ilé. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, oòrùn ò tíì kan àtàrí, ẹ ti lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Aṣálẹ̀ ni eruku yẹn ti wá, atẹ́gùn ló gbé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kaiserstuhl nìyẹn lásìkò tí yìnyín bo apá tó pọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Òkìtì yìnyín orí òkè Alps ń lọ òkúta bí ọlọ ṣe ń lọ ata, odò ń kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Rhine. Tí omi bá fà nígbà òtútù, erùpẹ̀ a gbẹ síta gbangba, kò sí igi, kò sí koríko tó lè dì í mú, atẹ́gùn a sì gbé èyí tó kúnná jù lọ. Ó fẹ́, ó fẹ́, títí ó fi kọlu òkè yìí tó dúró lójú ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ló sì da ẹrù sílẹ̀. Ká ní ọyẹ́ ilé wa fẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò sì nu tábìlì, ohun tí yóò dà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sún mọ́bí. Ìdì kan rèé, ó tó àkàrà ńlá, òun náà ti já sílẹ̀ kí n tó mú un. Mo gbé e sórí àwo. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lórí, ó dúró. Mo fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóòró, ẹ wò ó, ojú ọ̀bẹ mọ́ bí ẹni gé búrẹ́dì tó ti dùbúlẹ̀ mọ́jú, kò ya. Ìdí ni pé hóró rẹ̀ kì í ṣe róbótó bíi ti yanrìn etí òkun. Wọ́n ní igun, wọ́n há mọ́ra wọn. Nǹkan kan bí ẹfun tún wà láàárín wọn tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá yóò tún rí ihò tín-tìn-tín lóòró, ojú ibi tí gbòǹgbò koríko ayé ijọ́un gbà kọjá. Ìdí nìyí tí ògiri rẹ̀ fi máa ń dúró ṣánṣán láìsí bíríkì, láìsí sìmẹ́ńtì.

Ó yá, mo fi ṣíbí da omi sí ìdí rẹ̀.

Ẹ rí i? Kò pẹ́ tó kí èèyàn kí ẹni méjì. Ìdí ti di ẹrẹ̀, orí sì ti ń tẹ̀. Ohun tó le bí ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ṣíbí kan sọ di ọbẹ̀.

Ẹ wá fi ojú inú wo ọ̀nà oko kan tó gun òkè yìí. Àgbẹ̀ ń gbé ìgbẹ́ ẹran lọ sóko, ó ń kó àjàrà bọ̀ nílé. Màlúù ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, irin etí àgbá kẹ̀kẹ́ ń lọ ojú ilẹ̀ kúnná. Ilẹ̀ tó ti kúnná yẹn, òjò àkọ́rọ̀ ló ń dúró dè. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ní Kaiserstuhl, onílé gbà fún un, kó ṣáà ti jẹ́ ojú ọ̀nà ló wú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ojú ọ̀nà ti wọlẹ̀ díẹ̀. Torí pé ó ti wọlẹ̀, gbogbo omi oko ń wá síbẹ̀, torí pé gbogbo omi ń wá síbẹ̀, ó tún ń wọlẹ̀ sí i. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré ló ń bá lọ lọ́dún, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀rún ọdún yóò sọ ọ́ di mítà 10. Ìṣirò ẹnu lásán ni mo ṣe o, ọ̀nà kì í rì ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò gba òmìrán kankan láti gbẹ́ irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan gbé ọwọ́ sókè níbí. Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn, ṣé kì í ṣe irú Erédò Súngbọ́ nìyí? Mo dúpẹ́ pé wọ́n béèrè, torí ó jọ ọ́ lójú. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ Erédò, tí ògiri pupa dé ogún mítà láwọn ibì kan, tí ewéko ṣẹ́ bo orí, yóò rò pé irú kan náà ni. Àmọ́ wọ́n gbẹ́ Erédò ni. Èèyàn ló pinnu rẹ̀, èèyàn ló wa ilẹ̀ rẹ̀, tó fi yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Àṣẹ àti agbára wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀gbun Kaiserstuhl ò ní àṣẹ kankan lẹ́yìn. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ kọjá kò mọ̀ pé òun ń gbẹ́ nǹkan. Àjàrà ló ń gbé lọ sílé. Ìyẹn ló mú mi nífẹ̀ẹ́ wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ni Eichgasse, lẹ́bàá abúlé Bickensohl. Àwọn tó mọ Kaiserstuhl dáadáa kì í gbàgbé rẹ̀ tí wọ́n bá ń ka àwọn ọ̀nà ọ̀gbun tó lẹ́wà jù lọ. A ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ihringen, ìlú tí wọ́n máa ń pè ní ibi tó móoru jù lọ ní gbogbo Jámánì, a ó sì gba àárín oko kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Oko àjàrà lọ́tùn-ún, oko àjàrà lósì, oòrùn lórí. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ga: ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé èjìká, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti bo orí, oko tí ẹ ń wò ti pòórá. Ohùn katakata tó wà lókè a jìnnà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, oṣù Keje ni, lágogo méjì ọ̀sán, òógùn ti fi ẹ̀wù mọ́ mi lára. Mo rìn bí ogún ìgbésẹ̀ wọlé, òtútù ilẹ̀ sì bà lé mi lọ́rùn bí ẹni wọ yàrá àmù.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Apá tí oòrùn ń pa gbóná bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo sọdá sí ìkejì, ó tutù, èéhù bò ó. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Lára ògiri tó gbóná ni mo ti rí ihò, ihò, ihò, bí ẹni fi bírò gún un káàkiri. Mo dúró jẹ́ẹ́. Oyin kan yọ orí nínú ọ̀kan, ó wò mí, ó padà sínú. Kì í ṣe oyin inú afárá tí a mọ̀. Irú èyí kì í bá ẹgbẹ́ gbé, kálukú abo ló ń gbẹ́ yàrá tirẹ̀, tó ń kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tó sì ń dí i. Wọn kì í lé èèyàn kiri. Ẹ má sá.

Tí a bá rí oríire, a ó tún rí olóko oyin gan-an. Bienenfresser ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà, ìyẹn ajẹ-oyin. Àyà rẹ̀ aláwọ̀ omi òkun, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ẹ̀yìn rẹ̀ bí àwọ̀ obì. Ẹni tó bá rí i kò ní gbà pé ẹyẹ Jámánì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí i níbẹ̀ mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ló ti padà, tó sì ń gbilẹ̀ sí i. Ògiri Löss ló ń wá: ẹnu lásán ni tọkọtaya á fi gbẹ́ ihò tó lè gùn ju mítà kan lọ, ìdí ihò yẹn ni wọ́n ń yé sí. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń dé, tó bá di oṣù Kẹjọ wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ń lọ? Áfíríkà ni. Wọ́n ń fò kọjá Sàhárà láti sá fún òtútù Yúróòpù. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ sílé tí wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní físà. Ṣùgbọ́n nítorí wọn, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí ihò tó tóbi tó ẹnu ife tíì, ẹ jìnnà síbẹ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ìyá tó ní kòkòrò lẹ́nu kò ní wọlé tí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ ó tún rí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn onígi lára ògiri ilẹ̀, tí kò sí ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú Löss ni: àgbẹ̀ ń kó irinṣẹ́ síbẹ̀, wáìnì àti ọ̀dùnkún ń tutù níbẹ̀. Nígbà ogun, àwọn ará abúlé sá sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo yọjú wò, ọkọ́ mẹ́ta àti àga kan tó ti kán lẹ́sẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti àmì ọwọ́ ẹni tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ lára àjà, kedere bí ẹni pé àná ni. Tí ẹ bá tún wo ilẹ̀ dáadáa nísàlẹ̀ ògiri, ẹ lè rí òkúta kan tó rí wọ́bọwọ̀bọ, tó ní orí, tó ní ikùn. Ẹfun tí òjò ń fà wọlẹ̀ ló dì bẹ́ẹ̀. Ọmọ Löss ni wọ́n ń pè é. Èyí tí mo rí jọ ère ìbejì tí gbẹ́nàgbẹ́nà ò tíì gbẹ́ ojú sí, àyà mi já díẹ̀, kí n má purọ́.

Ó kan kẹ̀kẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, torí òkè Kaiserstuhl ò ga, títì oko tí wọ́n da ọ̀dà tàbí kọ́ńkéré sí sì pọ̀ níbẹ̀ bí iṣan ewé. Kẹ̀kẹ́ dára láti abúlé kan dé èkejì: Bötzingen, Eichstetten, Endingen, Oberrotweil, Burkheim, ẹ lè yí òkè náà po lọ́jọ́ kan tí ẹsẹ̀ yín bá le. Àmọ́ inú ọ̀nà ọ̀gbun tí wọn ò da nǹkan sí, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ni ẹni tó jìn sí i.

Ọdún kejì tí mo mọ ibẹ̀ ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn wá yọ láàárọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Mo yà sínú ọ̀nà ọ̀gbun kan láti òkè, mo ní kí n kàn yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó dùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí táyà iwájú ń ṣe ṣàkà ṣàkà. Löss tútù ti ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dì sáàárín táyà àti irin tó bò ó, ìpele lórí ìpele, bí àmàlà tí kò fẹ́ kúrò lára orógùn. Mo fẹ́ fa búréèkì, ó bọ́ sórí ẹrẹ̀. Àgbá kẹ̀kẹ́ iwájú kò yí mọ́, ó ń wọ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Èmi àti kẹ̀kẹ́ fi èjìká kọlu ògiri, a sì jọ sùn.

Kò sí ibi tó ṣẹ́ lára mi. Nígbà tí mo máa gbé ojú sókè, ìdì ilẹ̀ kan tó tóbi tó pẹpẹ ìwé ti ya lára ògiri níbi tí èjìká mi ti gbá a, ojú ibi tó ya funfun tuntun, mo sì ń wo àwọn yàrá oyin tó pín sí méjì, bí ilé tí wọ́n gé ògiri iwájú rẹ̀ kúrò. Nǹkan tó rọ̀, tó funfun, wà nínú ọ̀kan. Àgbẹ̀ kan tó ti dàgbà gbé katakata bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó dúró. Ó wo ògiri pẹ́ kó tó wò mí. Kò bú mi. Ó bá mi fa kẹ̀kẹ́ dìde, ó mú igi kan nílẹ̀, ó ń bá mi họ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà, ó wá fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe pé kí n gbé e lé èjìká títí dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ìlànà tèmi rèé, ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́. Ilẹ̀ tó gbẹ, tó le, ẹ lè gùn ún jẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà tó fẹ̀, tí kò sí àmì tó ní kí kẹ̀kẹ́ má wọlé. Ilẹ̀ tútù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ inú igbó lẹ wọ̀, òfin ìpínlẹ̀ yìí ní kí ẹnikẹ́ni má gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tí kò fẹ̀ tó mítà 2. Lásìkò ìkórè, oṣù Kẹsàn-án àti ìkẹwàá, katakata ló ni ọ̀nà, kò sì sí àyè láti yà sí ẹ̀gbẹ́ nínú ọ̀gbun, kí ẹ tẹ́tí kí ẹ tó wọlé. Ẹ má já àjàrà o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ lè máa yún wa, àjàrà a máa dákẹ́ wo èèyàn níbẹ̀. Oko olóko ni. Ẹ ra ìgò wáìnì kan lọ́wọ́ wọn lábúlé. Grauburgunder àti Spätburgunder ni wọ́n fi ń yangàn. Ẹ̀yin Alhaji, omi èso àjàrà wà, mo ti bá yín béèrè.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé àwọn ọ̀nà yìí pọ̀. Wọ́n pọ̀ ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè títí di apá ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé katapílà lọ sí Kaiserstuhl. Oko àjàrà ibẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nítorí ogún pípín: bàbá kú, ọmọ mẹ́rin pín in, ọmọ wọn tún pín in, ẹnì kan wá ní ìlà mẹ́ta níbí àti ìlà márùn-ún lẹ́yìn òkè. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Ìjọba wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n gé òkè sí àtẹ̀gùn ńláńlá, wọ́n sì tún ilẹ̀ pín. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ọ̀gbun wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn báyìí. Ohun tí ẹsẹ̀ fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún gbẹ́, katapílà dí i láàárín ọ̀sẹ̀.

Àwọn olùfẹ́ ẹ̀dá igbó máa ń sọ̀rọ̀ nípa àkókò yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ogun. Èmi ò lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí kò tíì fi agbọ̀n ru ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́ lọ gòkè padà sóko rí, kó rọra sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àjàrà láyé ọjọ́un nìyẹn, lọ́dọọdún. Wọ́n fẹ́ oko tí katakata lè wọ̀. Ibi tí mo ti ń bínú ni pé wọ́n ṣe àwọn àtẹ̀gùn kan tóbi jù, wọ́n tẹ̀ wọ́n sínú kí omi má baà ṣàn jáde, wọ́n ní ọgbọ́n ni. Òjò ńlá dé, omi dúró síbẹ̀, Löss mu ún yó, ẹ sì ti rí ohun tí omi ṣíbí kan ṣe lórí àwo mi. Odindi ẹ̀gbẹ́ òkè yọ̀ lulẹ̀. Atẹ́gùn tútù tún ń dúró sórí àtẹ̀gùn bí omi inú agbada, ó ń pa ọ̀mùnú àjàrà. Ọ̀nà ọ̀gbun tí wọ́n dí wọ̀nyẹn, ojú ọ̀nà omi náà ni wọ́n.

Àwọn àgbẹ̀ yìí kan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ìjọba gbé wá ni wọ́n gbà. Ní oṣù Kejì ọdún 1975, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì sí Wyhl, nísàlẹ̀ òkè yìí gan-an, àwọn olóko àjàrà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn lọ jókòó sójú ilẹ̀ náà. Lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ìkùukùu tí yóò máa jáde nínú ilé gogoro rẹ̀ lè bo oòrùn mọ́ àjàrà lójú. Wọn ò kọ́ ilé iṣẹ́ náà títí dòní.

Àwọn ọ̀nà tó kù, òfin ti wà lórí wọn, ṣùgbọ́n òfin kì í ro oko. Ọ̀nà tí màlúù ò gbà mọ́, igi ń gbà á. Robinia, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà, ń hù lórí ògiri, gbòǹgbò rẹ̀ ń la Löss, òjìji rẹ̀ sì ń lé oyin tó fẹ́ oòrùn. Ìtàkùn a sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ títa. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa gé wọn, ọdọọdún. Ìdàkejì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n da ọ̀dà sí: kò ní dí, ṣùgbọ́n kò ní jìn mọ́ láé, ibi tó dé nìyẹn. Ọ̀kan tí ọ̀dà ò sí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àgbẹ̀ ṣì ń gbà lọ sóko, tí ògiri rẹ̀ ń ya díẹ̀ lọ́dọọdún, tí ojú rẹ̀ ń wọlẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún, òun ni mo máa ń wá kiri. Irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ tún lè rí ọ̀nà ọ̀gbun nílẹ̀ àjàrà Austria, ní Kamptal àti Weinviertel, níbi tí wọ́n to ilé wáìnì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni ká kọ́kọ́ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, iwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ wọ bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀. Ẹ mú omi lọ́wọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù nínú ọ̀gbun. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ wá, ọ̀nà Bickensohl ò le, a ó sì máa sinmi níbi tí ilẹ̀ bá tutù. Tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílé.

Ìgò mi dà? Ọwọ́ ta ló wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé e kí ẹ tó nà án sí mi, aṣọ funfun ni Bàbá tó wà nídìí tábìlì wọ̀.